Máíkì Tí Mo Rà Nítorí Ohùn Alfa

Àwọn ọmọ àbúrò mi méjì wá kí mi láìpẹ́ yìí. Iṣẹ́ fídíò ni wọ́n fẹ́ máa ṣe, wọ́n sì fẹ́ kí n sọ irú kámẹ́rà tí àwọn yóò rà. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bi wọ́n pé irú máíkì wo ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n wo ara wọn, èyí ẹ̀gbọ́n wá ní, "Ṣebí máíkì ti wà nínú kámẹ́rà, Màmá?" Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni èmi náà fi ẹnu ara mi sọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo sì jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìtàn yìí, fún àwọn méjèèjì àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó bóyá kí òun fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Ráfátù ni orúkọ mi. Alabar ní Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ìṣó àti àgádágodo ló ń tà. Ìyá mi ń ta àwo. Yorùbá la fi ń bá òbí wa sọ̀rọ̀, Twi la fi ń ṣeré, Haúsá la fi ń kí àwọn aládùúgbò. Bí gbólóhùn kan bá bẹ̀rẹ̀ ní èdè kan nínú ilé wa, kò dájú pé èdè yẹn náà ni yóò fi parí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Páàpá Kòbínà, onífọ́tò kan ní Fante New Town. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Bàbá mi mọ̀ ọ́n, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ níwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi ife kan, ó sì parí. Ẹ má bi mí nípa owó. Ohun tó wà la jẹ, a ò kú. Èrò bàbá mi ni pé nínú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí, ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń múra fún ìyàwó. Bí obìnrin bá mọ fọ́tò yà, òun nìkan ni yóò máa wọlé. Kò sí obìnrin onífọ́tò kankan tí a mọ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ka ọ̀rọ̀ ẹnu ará àdúgbò sí.

Páàpá Kòbínà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí fọ́tò, ó tún máa ń gba ohùn sórí kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ètò ìsìnkú. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń tẹ kámẹ́rà ni mo wá kọ́. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ àwọn àwo tí a fi ń fọ fọ́tò, mo ń sá àwòrán sórí okùn. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lọ́sàn-án, yóò gbé àpótí kan síwájú ògiri, yóò ní kí n jókòó kí n kẹ̀yìn sí títì. Yóò wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Tsie." Bí àwọn Fante ṣe ń sọ pé kí èèyàn fetí sílẹ̀ nìyẹn.

"Kí lo gbọ́?"

"Mọ́tò kan kọjá, Páàpá."

"Ńlá ni tàbí kékeré? Ṣé ó ru ẹrù?"

"Mi ò mọ̀."

"Fetí sí i dáadáa. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ńkọ́? Bàtà ló wọ̀ tàbí sálúbàtà?"

"Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù wa fún ìgbà pípẹ́. Má tíì dìde."

Inú bí mi. Mo sọ fún ìyá mi pé ọkùnrin yìí kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ìyá mi ń to àwo lọ, kò gbójú sókè. "Ṣé ó ń nà ọ́ ni?" Mo ní rárá. "Ṣé ó ń bú ọ?" Mo ní rárá. "Lọ kọjú sí ògiri."

Nígbà tó fi máa tó ọdún kan, mo lè jókòó síbẹ̀ kí n sọ fún un pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì, pé ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, pé ó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Páàpá kò yìn mí. Ó kàn gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó sì jáde lọ ra búrẹ́dì.

Òfin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kì í yí padà: ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́ ni yóò lọ sọ fún oníṣẹ́. Mo ya fọ́tò ìdílé kan, mo gé orí bàbá ilé kúrò láti etí lọ sókè. Mo bẹ Páàpá pé kó bá mi lọ. Ó ní òun ní iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo lọ dúró ní iwájú ọkùnrin náà, tí mo na fọ́tò sí i, tí mo ní, "Bàbá, èmi ni mo gé orí yín." Ó wo fọ́tò náà títí, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, ó ní kó tiẹ̀ wo bí ọrùn òun ṣe dára. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi títí ojú fi tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò gé orí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀gá mi le ju bó ṣe yẹ lọ. Kristẹni ni, ṣùgbọ́n òun ló máa ń rán mi létí pé Ayílà ti tó, yóò sì pa rédíò rẹ̀ títí n ó fi kírun tán. Ní ọdún tí oúnjẹ wọ́n jù, tí gbogbo èèyàn rù, kò jẹ búrẹ́dì kan rí kó máà fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ fún mi.

Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń lọ sí òpin, ìbátan rẹ̀ kan fi kámẹ́rà fídíò ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ bí ohun náà ṣe wúwo tó. Páàpá gbé kámẹ́rà lé èjìká ọ̀tún, ẹ̀rọ tó ń gba téèpù wà ní èjìká òsì, okùn ńlá sì so méjèèjì pọ̀. Èmi ni mo máa ń di máíkì mú. Wáyà rẹ̀ gùn, mo sì máa ń rákò lọ sábẹ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ojú kámẹ́rà má baà rí mi. Íafóònù wà ní etí Páàpá. Bí ohùn kò bá dára, yóò fi ìka kan bá mi wí láti ọ̀ọ́kán. Ọdún bíi mẹ́rin ni mo fi rákò káàkiri Kumasi. Ohùn tí a gbà nígbà náà mọ́ bí omi, nítorí pé èèyàn kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ohùn lọ. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Páàpá fún mi ní òmìnira, mo gba yàrá kan ní Alabar, mo kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo rí kámẹ́rà kékeré rà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti Jámánì dé. Mo lè gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo sáré lọ fi han ọ̀gá mi. Ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Máíkì rẹ̀ ńkọ́?"

"Inú rẹ̀ ló wà, Páàpá. Kò sí wáyà mọ́, kò sí ẹni tó ń rákò mọ́. Èmi nìkan tó."

Ó fọwọ́ kan ihò kékeré tó wà níwájú rẹ̀. "Etí rẹ̀ nìyí. Ibi tí o bá dúró sí ni etí yìí yóò wà. Ṣé ẹnu oníwàásù ni ìwọ yóò máa dúró sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àgbà ló ń dé sí i.

Alfa Sálíù ló kọ́ mi ní kéwú. Ọmọ Ìlọrin ni, ilé rẹ̀ kò ju ojúlé mẹ́fà lọ sí tiwa, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan ní àdúgbò wa tí kò jókòó sórí ẹní rẹ̀ rí. Ojú ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mọ́ríámọ̀, ti fọ́ kí n tó gbọ́njú. Bí a bá wọ àgbàlá wọn, kí a tó kí i ni yóò ti pe orúkọ wa, nítorí ó mọ ìrìn ẹsẹ̀ oníkálukú. Nígbà tí Mọ́ríámọ̀, àbígbẹ̀yìn wọn, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí Ìlọrin, èmi ni wọ́n pè. Inú mi dùn gan-an. Mo sọ fún wọn pé ohun gbogbo yóò wà nínú téèpù.

Mo múra lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ní ìyàwó. Mo fi íafóònù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ó máa ń ba gèlè mi jẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ya àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń wọlé. Alfa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú agbádá funfun. Ó dúró tì mí tímọ́tímọ́.

"Ráfátù, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Alfa."

Mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti òwúrọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé.

Lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì tán, iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri, nítorí ohun mímu tó wà nínú fìríìjì àti fáànù tó ń fẹ́ sí àwọn àgbà lára. Alfa dìde láti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé gbohùngbohùn wá fún un, ó ní kí wọ́n gbé e padà, pé ọmọ òun lòun ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo Kumasi. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo rìn sẹ́yìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri, kí n lè rí bàbá, ìyá àti ọmọ pọ̀ nínú àwòrán kan. Àwòrán náà dára. Oòrùn ń bọ́ sí agbádá Alfa lára, Mọ́ríámọ̀ dorí kodò, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri tí mo fara tì, kò ju apá kan lọ sí etí kámẹ́rà mi. Èmi fúnra mi kò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ojú mi ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí mo ń ṣe ẹ̀dà téèpù náà, mo ti pa ohùn rẹ̀ nítorí pé oníbàárà wà lọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé àwòrán dára, mo fi ránṣẹ́. Mọ́ríámọ̀ àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àìsàn díẹ̀ mú Alfa, tó sì jáde láyé.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Mọ́ríámọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi wo téèpù nílé, nítorí náà wọn kò tíì wò ó rí. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ tèmi wá, pé òun fẹ́ gbọ́ Alfa. Mo gbé tẹlifísọ̀n mi lọ. Ilé kún. Nígbà tí Alfa yọ nínú àwòrán tó ń dìde, gbogbo wọn bú sẹ́kún. Ìyá Mọ́ríámọ̀ nìkan ni kò sunkún. Ó na ọrùn síwájú, ó tẹ́ etí sílẹ̀. Ohun tó ń jáde kò ju gbrrr kan tó gùn lọ.

"Ráfátù," ó ní, "ta ló ń lọ àgbàdo níbẹ̀ yẹn?"

"Kì í ṣe àgbàdo, Màmá. Jẹnẹrétọ̀ ni."

"Ó dáa. Ìgbà wo ni Alfa yóò sọ̀rọ̀?"

Mo wo tẹlifísọ̀n. Ẹnu Alfa ń mì.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀, Màmá."

"Kí ló ń sọ?"

Èmi tí mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Mo mọ ibi tí oòrùn wà, mo mọ àwọ̀ gèlè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wé. Mi ò mọ ohun tí olùkọ́ mi sọ. Ìyá Mọ́ríámọ̀ fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ lójú, ẹ wò ó dáadáa," ó sì dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Mo gbọ̀nà Fante New Town lọ pẹ̀lú omi ojú. Páàpá Kòbínà tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tó gbọ́."

Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo ba ohùn Alfa jẹ́. Mo dúró síbi tí kò yẹ, mi ò sì gbé ohun tí n ó fi gbọ́ ọ dání, nítorí gèlè." Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gèlè yẹn, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń retí rẹ láti àárọ̀. Dìde." Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí.

Ọ̀gá mi àti èmi jókòó ti téèpù náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́, ó ń dín ohùn tó wúwo kù, ó ń fi kún èyí tó tín-ín-rín, a ń pààrọ̀ íafóònù. A kò rí ọ̀rọ̀ tó so pọ̀ kan yọ nínú ìmọ̀ràn Alfa. Ní ọjọ́ kẹrin ni Páàpá dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, síbi tí àwọn àlejò ti ń wọlé, nígbà tí iná kò tíì lọ. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó fi íafóònù sí mi létí. Ohùn Alfa ni, ó mọ́, ó gbóná, bí ẹni tó wà nínú yàrá: "Ráfátù, ṣé o ti jẹun?"

Gbólóhùn kan yẹn ni a gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì, ní ìgbà mẹ́wàá tẹ̀léra. Mo mú un lọ fún Ìyá Mọ́ríámọ̀. Ó gbọ́ ìgbà àkọ́kọ́, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó gbọ́ ìgbà kejì, ìkẹta. Nígbà tó di ìkẹrin, ó ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé.

"Òun nìyẹn. Kò sí ẹni tí kì í bi ní ìbéèrè yìí. Ṣé o sì ti jẹun lóòótọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, Màmá. Irọ́ ni mo pa."

Ó ní kí wọ́n bu wáákyé wá fún mi, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí àwọn ará Kumasi fẹ́ràn, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá máíkì. Kámẹ́rà kékeré mi ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mi ò lò rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ki wáyà máíkì sí. Màláàmù Gàrúbà, tó ń ta rédíò àlòkù tí wọ́n kó ti òkè òkun dé, mọ bàbá mi dáadáa. Ó ní máíkì mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń yìn wọ́n bákan náà. Mo ní kó jẹ́ kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ dán wò. Ó bi mí pé ibo ni mo fẹ́ dán wọn wò. Mo ní Anloga Junction. Ó ní ibẹ̀ ti pariwo jù, pé kí n dán wọn wò níhìn-ín níbi tó dákẹ́. Mo ní níbi tó dákẹ́, gbogbo máíkì ló dára.

Anloga Junction ni àwọn onígi wà. Ayùn ẹ̀rọ ń ké láti òwúrọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè, àwọn tó ń pe oníbàárà ń lọgun. Mo rí káfíńtà kan tó ń fá pákó, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ka orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní Twi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó rò pé orí mi kò pé, ṣùgbọ́n ó kà á. Mo dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo kọ́kọ́ gba ti inú kámẹ́rà nìkan, kí n lè mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ayùn nìkan ni mo gbọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tó ń yí téèpù. Mo tún ṣàkíyèsí ohun kan tó ṣe mí léṣe nílé Alfa: bí káfíńtà bá dákẹ́ díẹ̀, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yóò gbé etí sókè láti wá ohùn, ariwo ẹ̀yìn yóò sì wú bọ̀ bí omi. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ bí Alfa, òun ni ariwo máa ń gbé mì jù.

Máíkì àkọ́kọ́ gùn bí apá mi láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ohùn rẹ̀ ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lé kámẹ́rà, imú kámẹ́rà dorí kodò, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n kó tó di ìṣẹ́jú márùn-ún. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ irú kan tó rí pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, mi ò sì mọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Kumasi tó ń tà á. Èkejì jẹ́ irú tí àwọn olórin ń dì mú. Ó dára bí ó bá wà ní ẹnu, ṣùgbọ́n Alfa wo ni yóò di igi mú nígbà tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ẹnu wáyà rẹ̀ sì tóbi ju ihò kámẹ́rà mi lọ.

Ẹ̀kẹta kò ju ìka àárín mi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ kékeré tó wọ ojú irin tó wà lórí kámẹ́rà, rọ́bà sì wà láàárín ẹsẹ̀ àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ó gbọ́ ìka mi tó ń tẹ nǹkan. Bátìrì rédíò kékeré kan ṣoṣo ló ń jẹ, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ohùn rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ káfíńtà náà láti Dwoada dé Kwasiada, ayùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Ohun tó wá jẹ́ kí n mú un ni pé ó ṣeé yọ. Mo lè yọ ọ́ kúrò lórí kámẹ́rà, kí n fi wáyà gígùn so ó, kí n gbé e síwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí èmi sì dúró sí ibi tí àwòrán ti dára. Èmi tí mo máa ń rákò láyé àtijọ́, máíkì yìí ni yóò máa bá mi rákò báyìí. Mo gbé e lọ fún Páàpá. Ó fi í sí kámẹ́rà, ó fi íafóònù sétí, ó dojú kọ títì, ó sì di ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá oníbúrẹ́dì ti ra bàtà tuntun."

Mo lo máíkì yẹn fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Mo rán ìbọ̀rí fún un láti ara fóòmù àga, nítorí atẹ́gùn ọyẹ́. Nígbà tí fóòmù bá gbó, n ó rán òmíràn. Mo gbàgbé láti tan án nígbà kan níbi ìsọmọlórúkọ, ìdajì téèpù sì yadi. Mo lọ sọ fún àwọn òbí ọmọ náà fúnra mi. Àwọn kámẹ́rà yí padà, téèpù ń kéré sí i, títí téèpù pàápàá fi kásẹ̀ nílẹ̀. Páàpá Kòbínà ti lọ sinmi. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè dúró pẹ́ mọ́, mo sì gbé iṣẹ́ sílẹ̀ láìsí ìbànújẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra máíkì, ẹ ra èyí tó fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹ ó máa gbé e dání lójoojúmọ́, tí bátìrì rẹ̀ wà ní àdúgbò yín, tí ẹ sì lè gbé sún mọ́ ẹnu èèyàn. Kí ẹ sì fi íafóònù sétí. Gèlè kì í ṣe nǹkan.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi máíkì kékeré yẹn ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo rà á tí Ìyá Mọ́ríámọ̀ ránṣẹ́ pè mí.

"Mo gbọ́ pé o ti ra etí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ohun tí Alfa sọ fún Mọ́ríámọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo rántí. Ẹni tí kò ríran, kí ló tún fẹ́ ṣe bí kò ṣe kó gbọ́? Mo fẹ́ sọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí i ní Ìlọrin."

Àsìkò tí àwọn ọmọ kéwú ń ké lẹ́yìn ògiri ni. Mo yọ máíkì kúrò lórí kámẹ́rà, mo gbé e sórí ìrọ̀rí kan níwájú rẹ̀, mo fi íafóònù sétí, mi ò sì wé gèlè, ìborùn lásán ni mo fi bo orí. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Mọ́ríámọ̀, bàbá rẹ ní bí wọ́n bá ń pè ọ́ ní ọmọ Ghana ní Ìlọrin, kí o jẹ́ wọn, kò sí èébú nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Kumasi, ọjọ́ mẹ́rin gbáko lòun fi sunkún, nítorí náà kí ojú má tì ọ́ bí o bá sunkún. Ó ní kí ọkọ rẹ má ṣe gbọ́ ìròyìn ilé rẹ lẹ́nu ará ìta, ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ. Ó ní òun kò lè fún ọ ní ilé, ṣùgbọ́n àdúà òun kò ní í tán."

Ó sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Níbi tí Alfa ti rẹ́rìn-ín, ó sọ pé ibí ló ti rẹ́rìn-ín. Níbi tó ti dákẹ́, òun náà dákẹ́, ariwo kò sì wú bọ̀. Mo gbọ́ ohun gbogbo, títí kan tẹ̀súbáà tó ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó parí, mo bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Mo rọra fi íafóònù sí i létí méjèèjì, mo tan téèpù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó di apá mi mú.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ó mi orí. "Èmi kọ́. Ìyá mi nìyí."

Ó ní ìyá òun kú ní Ìlọrin kí wọ́n tó mú òun wá fún Alfa ní Kumasi. Ó ní òun ti wá ohùn rẹ̀ nínú orí òun fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun kò rí i mọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi tẹ íafóònù mọ́ etí, ó sì ń mi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí téèpù parí, kò yọ ọ́ kúrò létí. Ó na ọwọ́ kan sí mi.

"Dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó tún bá mi sọ̀rọ̀."